Ìwé Tí Ìbùkún Kà fún Mi

Ìyá mi, Àṣàkẹ́, tí ó fi ẹ̀yìn pọ̀n mí wọ Ajégúnlẹ̀,

Ọmọ yín ló ń kọ̀wé sí yín o. Ẹ má wulẹ̀ máa wò yíká pé ta ló bá a kọ ọ́. Èmi fúnra mi ni. Kíláàsì àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó mi ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa kí n tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, síbẹ̀ èmi ni mo gba ipò kìíní. Títí di òní, ìwé tí mo kọ ni wọ́n fi ń han àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé ẹ wò ó, báyìí ni kí ẹ kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ fi ayé sílẹ̀, tirela méjì péré ni mo ní, ẹ́ńjìnnì ọ̀kan sì ti kú. Mẹ́rin ni wọ́n báyìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń rìn. Àwọn tó máa ń pè mí ní alábàárù ní wọ́ọ̀fù, tí wọ́n bá rí mi báyìí, wọn á dìde. Kò sí ẹni tó gbé mi débẹ̀ àfi orí mi àti ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Yáàdì mi wà ní Creek Road, kò jìnnà sí ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ yín ti máa ń gbálẹ̀. Àwọn èwe òde òní ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún wọn pé nígbà náà, tí ọkọ̀ ojú omi bá já àlìkámà, tí àpò bá bẹ́, àwọn obìnrin ló máa gbá a, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ fún wọn. Ohun tí ẹ bá gbá ni owó iṣẹ́ yín. Ẹ ó kó o sínú asẹ́, ẹ ó jọ̀ ọ́ títí iyanrìn á fi kúrò, lẹ́yìn náà ẹ ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ẹ ó fi eyín rún un wò. Tí ó bá dún kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu yín, ẹ ó tún un jọ̀. Ẹ kì í ta iyanrìn fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá délé, ẹ ó tú gèlè yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọlé. Mo ṣì ń gbọ́ ìró gèlè yẹn.

Àìsàn kan dé, Ìyá mi. Korona ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ayé ló kó sí wàhálà. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ọjà, wọ́n ti gbogbo ilé ìwé. Wọ́ọ̀fù nìkan ni wọn ò tì, torí ohun tí ìlú ń jẹ wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí iṣẹ́ mi kò ṣe dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì, akọ̀wé mi láti ọdún mẹ́tàlá, sá lọ sí ìlú rẹ̀ kí wọ́n tó dí ọ̀nà, ó sì ránṣẹ́ pé oko ni òun fẹ́ máa dá báyìí, òun ò bọ̀ mọ́. Ó fi èmi àti ìwé sílẹ̀, à ń wo ara wa.

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ èyí fún. Mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu dáadáa, ti Ajégúnlẹ̀ àti ti ọ́fíìsì. Nọ́ńbà kò lè tàn mí jẹ. Tí kọ̀ntéínà bá ń bọ̀ lókèèrè, mo ti mọ̀ bóyá tiwa ni. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti tò tẹ̀ léra wọn lórí ìwé, ojú mi á kàn máa yọ́ lórí wọn ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó na ìwé náà jìnnà sójú, n ó lejú, n ó mi orí, n ó wá jù ú sí Sámúẹ́lì, n ó ní kó wò ó bóyá ó yé òun náà. Ó máa ń kà á sókè. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ níbi tó wà, kò jẹ́ kí n tẹ́ rí.

Nígbà tí Sámúẹ́lì ti lọ, Ìbùkún ni Ọlọ́run fi rọ́pò. Ẹ ò rí i. Ọmọ tí mo fi pa igbá dé ni, ọdún mẹ́wàá, iwájú orí yín ló gbé wáyé. Ó ní ikọ́ fée, ike kékeré kan wà tó máa ń fà sẹ́nu tí àyà rẹ̀ bá há. Nítorí pé ilé ìwé tì, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi ojoojúmọ́ rán ìbòmú fún gbogbo àdúgbò, èmi ni mo ń mú un lọ sí yáàdì. Lọ́jọ́ kẹta, mo na ìwé jìnnà sójú bí mo ti máa ń ṣe. Ó wò mí. Ó gba ìwé náà, ó dìde, ó sì rọra sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí ní Yorùbá. Kò béèrè nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í já kọ̀ntéínà fún wa kí ìwé rẹ̀ má kọ́kọ́ gba ọwọ́ Ìbùkún kọjá. Àwọn dírẹ́bà ń pè é ní Mánéjà. Látì, tó dàgbà jù nínú wọn, kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀.

“Mánéjà, wò ó dáadáa, ṣé wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fún Látì lówó ọbẹ̀?”

“Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Bọ̀dá Látì lọ fọ mọ́tò wọn.”

“Háà! Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ọmọ yín? Àbẹ́ẹ̀gì, ẹ dá a padà sílé ìwé o, ó ti ń le ju ẹ̀yin lọ.”

A jọ ń rẹ́rìn-ín ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá di òótọ́. Nígbà tí oṣù pọ̀, ìjọba ní kí ilé ìwé ṣí. Ìyá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti há mi. Ṣé ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá wà láàárín tirela méjì tí méjèèjì ń fẹ̀yìn bọ̀? Ọkùnrin tó wà ní ilé kejì sí wa, tó sanra, tó lágbára, ọjọ́ márùn-ún péré ló fi wúkọ́. Àwọn tó wọ aṣọ funfun dé orí dé ẹsẹ̀ ló wá gbé òkú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ò fọwọ́ kan án. Tí irú èyí bá wọ inú àyà tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ náà agbára káká ló fi ń mí, kí ló kù? Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi nìyẹn. Kò gbé ojú kúrò lórí maṣíìnì.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyà Ìbùkún há láti ìgbà tí ilé ìwé ti tì,” ni ó wí. “Níbo ló ti há?”

Mo ní mi ò rántí.

“Yáàdì yín ni, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èéfín tirela ò ní ìbòmú o, Bàbá Ìbùkún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.”

“O fẹ́ kó lọ kó àìsàn?”

“Mi ò fẹ́ kó kó àìsàn. Mi ò sì fẹ́ kó di akọ̀wé tirela lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo ló ń bà yín?”

Mo jáde síta. 

Ilé ìwé wá fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé kí a fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo gbé e fún Ìbùkún ní yáàdì. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ti máa ń pẹ́ lọ.

“Dádì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí àyà wọn ò dáa má tíì wá. Kí wọ́n wà nílé di ọdún tó ń bọ̀. Ibí yìí ni kí ẹ fọwọ́ sí.”

Àyà mi fúyẹ́. Mo rí i pé ọwọ́ mi ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìwé fúnra wọn ló sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bá mi jà. Mo fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí ńlá tí mo máa ń fi síbi ìwé kọ̀ntéínà. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó nawọ́ pé kí òun rí i. Mo ní mo ti kà á ná. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì lọ sídìí maṣíìnì rẹ̀. Ó mọ̀, Ìyá mi. Ọdún mọ́kànlélógún la ti fẹ́ra, ó mọ̀, kò sì sọ ọ́ sí mi lójú rí.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé náà lọ. Mo wọ agbádá sí i. Àwọn òbí tò sílẹ̀, wọ́n fi àlàfo sí àárín ara wọn, ọkùnrin kan tó máa ń gbé iṣẹ́ kọ̀ntéínà fún mi sì wà lẹ́yìn mi gan-an. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

“Bàbá Ìbùkún, ẹ yọ ọ́ kúrò ni?”

Mo ní kí ló dé?

“Níbi tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ díẹ̀ la fẹ́ gbà wọlé, a ó fún ẹlòmíràn. Ó yà mí lẹ́nu ni, sà. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdí fèrèsé la máa fi irú àwọn Ìbùkún sí, tíṣà á máa tọ́jú ike wọn.”

Mo wo ìwé náà. Ìwé náà ń wò mí. Gbogbo ohun tí mo nílò láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ọkùnrin ẹ̀yìn mi wúkọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, mo sì rò pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá,” mo ní, “mo mọ ohun tí mo fọwọ́ sí.”

“Ó dáa, sà. Tí ẹ bá yí ọkàn padà, kó má kọjá ọ̀la o.”

Báyìí ni mo ṣe fi ẹnu ara mi ti ọmọ mi jáde nílé ìwé. Nígbà tí mo délé, Ìbùkún wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń sá ìbòmú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo bi í pé kí ni ìwé yẹn sọ gan-an.  Ó ń to ìbòmú ọwọ́ rẹ̀ sórí ara wọn.

“Ó ní kí ẹ mú èyí tó bá wù yín.”

“O wá purọ́ fún mi? Èmi bàbá rẹ?”

“Tí mo bá lọ, ta ni á máa kà á fún yín?” Omi ti gba ojú rẹ̀. “Bọ̀dá Látì á mọ̀. Gbogbo wọn á mọ̀.”

Mo ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ kalẹ̀ lé e, ojú sì ń tì mí láti kàn mú un sọ̀kalẹ̀ lásán.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Ẹ rántí ọdún onígbáméjì. Kíláàsì kẹta ni mo wà. Wọ́n ti ilé ìwé torí àìsàn, ẹ wá ń mú mi lọ síbi àlìkámà. Ẹ̀yin rò pé ìyà ni mo ń jẹ níbẹ̀. Kì í ṣe ìyà, Ìyá mi. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń pè mí ní ọkùnrin. Mo ń rí àwọn ọkọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ kan, tíṣà pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ìwé kan tó fi Yorùbá kọ rán mi sí yín. Ẹ nu ọwọ́ yín mọ́ ìró, ẹ jókòó, ẹ ní kí n kà á. Mo kà á. Mo ní wọ́n sọ pé àìsàn ṣì wà nínú omi, kí a má tíì bọ̀, wọn á ránṣẹ́ pè wá.

Kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí a wọlé.

Ẹ ká ìwé náà, ẹ fi sábẹ́ ẹní. Ẹ ń retí kí wọ́n ránṣẹ́. Tí ará ilé bá béèrè, ẹ ó ní wọn ò tíì pè wọ́n. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọjá pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, kí ni ẹ rò? Ṣé ẹ rò pé ilé ìwé mìíràn ni wọ́n ń lọ ni? Nígbà tí mo wá dàgbà, tí mo lówó, mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ìyá mi ló yọ mí níléèwé, síbẹ̀ ẹ wo ibi tí mo dé. Mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń ṣí ilé mi, lójú yín, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ kàn fọwọ́ kan gèlè yín. Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà? Ṣé ẹ ti fi ìwé náà han ẹnìkan, tí ẹ sì dákẹ́ nítorí mi? Àbí ẹ gbà lóòótọ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é? Mo ní ju ogún ọdún lọ láti bi yín léèrè. Mo ra aṣọ fún yín, mo ra góòlù, mo rán yín lọ sí Mẹ́kà. Mi ò bi yín.

Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ sí ilé ìwé Ìbùkún. Mi ò wọ agbádá. Èrò ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé fún mi ní ìwé mìíràn, ó ní kí n fara balẹ̀ kà á.

“Mi ò lè kà á,” mo ní. Ìbòmú wà lẹ́nu mi, kò gbọ́. Mo fà á sísàlẹ̀, mo tún un sọ, ohùn mi wá pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. “Mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá. Ẹ bá mi kà á.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún mi, ó ní kí n dá ìbòmú padà sẹ́nu, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ti fèrèsé. Mo gbọ́ ti omi àti ọṣẹ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ọmọ bá kó àìsàn náà, ilé ìwé ò ní í dáhùn fún un, ohun tó wù kó yọrí sí. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Ìyá mi, gbogbo ìwé tí mo ti fọwọ́ sí láyé mi, kò sí èyí tó wúwo lọ́wọ́ mi rí nínú wọn, torí mi ò mọ ohun tí wọ́n wí. Èyí ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí tí mo mọ̀ ọ́n láti òkè dé ilẹ̀.  Ìfọwọ́sí náà kéré, kò jọ tèmi.

Látì ló ń ka ìwé fún mi báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo nà án sí i, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé gíláàsì yín fọ́ ni?” Mo ní kò sí ohun tó ṣe gíláàsì, mi ò lè kà á ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé náà. Òun náà ń kọsẹ̀ níbẹ̀ o! Ìwé mẹ́fà ló kà níléèwé, kò sì dé ìdajì Ìbùkún. Ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fa okùn lókè kànga, àwa méjèèjì ń làágùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì Ìbùkún nílé ìwé la parí lónìí. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán. Á fọ ọwọ́, á bọ́ aṣọ ilé ìwé, á sì kọ ẹ̀yìn sí mi láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, kí n gbé etí lé e. Ó máa ń ní irùngbọ̀n mi ń rín òun. Lónìí kò sọ nípa irùngbọ̀n. Mo gbé etí lé e, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìró fínínfínín kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Ó lè jẹ́ eruku. Ó lè jẹ́ ikọ́ fée tirẹ̀ tí a ti mọ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn tó dé yẹn.

“Kí lẹ gbọ́?” ó bi mí.

Ó rọrùn láti sọ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún un pé mo gbọ́ ìró kékeré kan, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́.

“Èmi náà ti gbọ́ ọ láti àárọ̀,” ó ní. “Mo rò pé ẹ ò ní gbọ́.”

Ó fa ike rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. A jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi orí lé mi léjìká, à ń retí kí ìyá rẹ̀ ti ọ̀nà ibi tó ti lọ ra òwú dé. Ó ti sùn lọ níbẹ̀ báyìí, orí orúnkún mi ni mo ti ń kọ èyí, mi ò fẹ́ mira. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀, Ìyá mi, mi ò sì mọ ohun tí n ó ṣe.

Ọmọ yín ni mí, tó ka irọ́ sí yín létí, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè fi ẹnu sọ lọ.